Oríkèé Ìrìnàjò: Bí a ṣe ń to ọ̀nà Yúróòpù láti Ṣábẹ̀ẹ́

Bí ẹnì kan ní àdúgbò Plateau, ní Ṣábẹ̀ẹ́ wa níbí ní ilẹ̀ Benin, bá sọ fún ará ilé pé òun fẹ́ lọ sí Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi í ni pé, "Eélòó ni tíkẹ́ẹ̀tì?" Ìbéèrè gidi ni, torí owó náà kì í ṣe kékeré. Àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹni tó bá fi owó ṣíwájú lè ra tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lọ, kó wá rí i pé ìlú tí ọkọ̀ balẹ̀ sí kò bá físà ọwọ́ òun mu, tàbí pé ọkọ̀ ojú irin tí ì bá gbé òun dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun ti lọ kí òun tó gba ẹrù.

Ìrìnàjò dà bí ara ènìyàn. Bí ara bá ń ro wá, oríkèé la sábà máa ń dì mú: orúnkún, ìgbáròkó, ọrùn ọwọ́. Láti Kútọnu dé Paris, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfurufú fi ń fò, èrò ò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ ju kó jókòó lọ. Ibi tí ọkọ̀ kan ti sọ ọ́ kalẹ̀, tí òmíràn ò sì tíì gbé e, ni owó ti ń sọnù, ibẹ̀ ni àyà ti ń já. Ibẹ̀ ni mo pè ní oríkèé ìrìnàjò. Ẹni tó bá mọ iye oríkèé tó wà lọ́nà rẹ̀, tó sì mọ ohun tó so ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti to ìrìnàjò rẹ̀ tán.

Ìlú wa ti jẹ́ oríkèé rí

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn Faransé ń la ọ̀nà irin láti Kútọnu lọ sí òkè, irin náà ti dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó dúró síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí wọ́n tó fà á dé Parakou láàárín àwọn ọdún 1930. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ṣábẹ̀ẹ́ ni òpin irin. Ẹrù tó ń lọ sí òkè yóò sọ̀ níbẹ̀, yóò sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ẹrù kì í dá rìn. Ẹni tí kò bá ti wá ẹni tí yóò gbé e sílẹ̀, ẹ̀bá rẹ̀ ni yóò jókòó sí.

Ọ̀nà irin náà gùn tó kìlómítà 438 láti Kútọnu dé Parakou. Ó ṣì la ìlú wa kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni kò wọ ọkọ̀ èrò lórí rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ojú irin Yúróòpù fi máa ń rú àwọn ènìyàn wa lójú ju ọkọ̀ òfurufú lọ. Ẹ jẹ́ ká tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tí ẹ ń lọ

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó wo ọkọ̀ kankan, ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ gan-an sílẹ̀. "Faransé" kò tó. Ìlú wo ni, àdúgbò wo, ọ̀dọ̀ ta ni? Lẹ́yìn náà, ẹ máa rìn padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin wo ló dé ìlú yẹn? Láti ibùdó wo ló ti ń gbéra? Pápákọ̀ òfurufú wo ló sún mọ́ ibùdó náà? Ọkọ̀ òfurufú wo ló ń lọ síbẹ̀ láti Kútọnu? Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ kúrò nílé kí ẹ má baà pẹ́?

Bí ẹ bá ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ ti mọ ọ̀nà. Ìwádìí ni gbogbo èyí, ẹ kò tíì san kọ́bọ̀. Ìwé ìrìnnà, físà, tíkẹ́ẹ̀tì òfurufú, tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin: bí owó ṣe yẹ kó máa tẹ̀lé ara wọn nìyẹn.

Schengen: agbo ilé kan, ẹnu ọ̀nà kan

Orúkọ tí ẹ óò gbọ́ jù lọ ni Schengen. Abúlé kékeré kan ni ní orílẹ̀-èdè Luxembourg. Ní ọjọ́ 14 oṣù Òkúdu, ọdún 1985, orílẹ̀-èdè márùn-ún fọwọ́ sí àdéhùn níbẹ̀ pé àwọn yóò mú àyẹ̀wò kúrò ní ààlà tó wà láàárín àwọn. Àwọn márùn-ún náà ni Faransé, Jámánì, Bẹ́ljíọ̀m, Netherlands àti Luxembourg. Lónìí, orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó bí agbo ilé. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n ti ń béèrè pé ta ni. Bí wọ́n bá ti gbà yín wọlé, ẹ lè ti ìyàrá kan bọ́ sí òmíràn. Físà kan ṣoṣo lè gbé yín dé Paris, Brussels àti Milan. Síbẹ̀, ẹ má fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ nílé tí ẹ dé sí, torí ọlọ́pàá lè wọ ọkọ̀ ojú irin wá béèrè rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì máa ń dá àyẹ̀wò ààlà padà fún sáà kan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú agbo ilé yìí, Ireland náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti Paris lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nílò físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Bí ó bá sì fẹ́ padà sí Paris lẹ́yìn náà, físà Schengen tó ní gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbà á láàyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀pọ̀ kì í rántí èyí títí wọn yóò fi dé ẹnu ààlà.

Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ ń kọ̀wé sí. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, ẹ kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ lè kọ ọ́ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò, ó pẹ́ tán kó ku ọjọ́ 15. Èsì sábà máa ń jáde láàárín ọjọ́ 15, àmọ́ ó lè gùn dé 45, nítorí náà oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni mo gba yín nímọ̀ràn. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90 láti oṣù Òkúdu 2024. Yúrò kan kò kúrò ní sẹ́fà 655.957, nítorí náà ó tó nǹkan bíi 59,000 sẹ́fà, láìka owó ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé. Wọ́n tún ń béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera tó lè san ó kéré tán yúrò 30,000, èyí tó fẹ́ẹ̀ tó ogún mílíọ̀nù sẹ́fà. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín: ohun tí ilé iṣẹ́ ìdójútòfò lè san bí àìsàn bá dé ni, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin yóò san.

Ìwé ìrìnnà yín kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò nínú agbo ilé náà, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo.

Bí físà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kà á dáadáa. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ ló wà lára rẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè lò. Físà lè ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Èbìbí dé ọjọ́ 15 oṣù Òkúdu, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ 30 péré ló fún yín. Ẹni tó bá lo gbogbo àkókò náà ti kọjá àyè rẹ̀, yóò sì rí ìpalára rẹ̀ nígbà tó bá tún tọrọ físà. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde wà nínú kíkà. Àti pé kò sí bí físà ìbẹ̀wò ṣe lè pọ̀ tó, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni òpin.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan tàbí tíkẹ́ẹ̀tì méjì?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Láti Kútọnu, Air France ń lọ tààrà sí Paris, Brussels Airlines ń lọ sí Brussels. Royal Air Maroc ń gba Casablanca, Turkish Airlines ń gba Istanbul, Ethiopian ń gba Addis Ababa. Èyí tó lọ tààrà lè wọ́n jù, ṣùgbọ́n oríkèé rẹ̀ kéré. Fún ẹni tí kò lọ rí, pàápàá àgbàlagbà, mo rò pé ó yẹ ká wo ìyàtọ̀ owó náà gẹ́gẹ́ bí owó ìfọ̀kànbalẹ̀.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà tó ní ibùdúró láàárín, ẹ béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ló gbé yín dé òpin. Tíkẹ́ẹ̀tì kan dà bí ẹni tó gbé ẹrù fún awakọ̀ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí awakọ̀ náà sì ní alábàáṣiṣẹ́ ní Bohicon tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, àwọn méjèèjì mọ ara wọn, wọn yóò wá ọ̀nà mìíràn fún yín, ẹrù yín náà yóò sì máa bá yín lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí ẹ fọwọ́ ara yín so pọ̀ dà bí awakọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn rí. Bí èkíní bá pẹ́, èkejì yóò lọ, owó rẹ̀ yóò sì bá a lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó gba ẹrù jáde, tí ẹ ó sì tún gbé e kalẹ̀ fún ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀, ẹ lè nílò físà kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ jáde síta gba ẹrù ọ̀hún.

Àwọn ará wa tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní ọ̀rọ̀ kan láti gbọ́ níbí. Bí wọ́n bá fẹ́ gba pápákọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè Schengen kọjá lọ sí ibòmíràn, òfin sọ pé kí wọ́n gba físà ìkọjá, àyàfi bí wọ́n bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ti ní físà Schengen lọ́wọ́. Kò dìgbà tí wọ́n bá jáde síta.

Ohun méjì mìíràn wà tó máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní 00:10 ọjọ́ 12, òru ọjọ́ 11 ni ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ 12 ti fi odindi ọjọ́ kan pẹ́. Èkejì ni aago. Aago Benin kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti Yúróòpù máa ń yí ní Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ẹrẹ́nà àti Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà. Nígbà òtútù, aago kan náà ni Paris àti Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà ooru wọn, Paris fi wákàtí kan ṣíwájú wa.

Pápákọ̀ Schengen tí ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni wọ́n ti ń yẹ ìwé yín wò, kódà bí ibẹ̀ kò bá ṣe òpin ìrìnàjò. Láti ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka àlejò sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Èyí ń gba àkókò, ó sì yẹ kí ẹ kà á mọ́ àkókò tí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ tún mọ ẹ̀tọ́ yín. Bí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ilẹ̀ Yúróòpù bá gbé yín láti Kútọnu, tí ẹ sì fi wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ dé nítorí àṣìṣe tiwọn, òfin Yúróòpù ti ọdún 2004 sọ pé ẹ lè gba owó gbà-má-bínú tó lè tó yúrò 600. Ẹ má sọ ìwé ìwọkọ̀ nù.

Ọkọ̀ ojú irin: ohun tó jọ ti wa àti ohun tó yàtọ̀

Láti Paris dé Lyon tó nǹkan bíi kìlómítà 430. Ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ gígùn kan náà pẹ̀lú Kútọnu sí Parakou. TGV, ọkọ̀ ayára tí Faransé bẹ̀rẹ̀ sí lò ní ọ̀nà yìí ní ọdún 1981, ń fi nǹkan bíi wákàtí méjì rìn ín. Paris sí Brussels kò tó wákàtí kan àbọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti dé Yúróòpù kò nílò láti tún wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí gbogbo ìlú. Láàárín ìlú tí kò jìnnà síra, ọkọ̀ ojú irin sábà máa ń yá jù ú lọ, torí àárín ìlú ló ti ń gbéra, àárín ìlú ló sì ń dé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni èrò pé Paris ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan. Wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní apá ibi tó ń kọjú sí, bí ìdíkọ̀ Parakou ṣe yàtọ̀ sí ìdíkọ̀ Porto-Novo. Gare du Nord ló ń lọ sí Lille, Brussels àti Lọ́ńdọ̀nù. Gare de Lyon ló ń lọ sí Lyon àti Marseille. Gare de l'Est ló ń lọ sí Strasbourg àti Jámánì, Montparnasse sì ni ti Bordeaux àti Rennes. Ẹ ka orúkọ ibùdó lára tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan. Ó sì dára kí ẹ mọ̀ pé ibùdó TGV kan wà nínú pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle gan-an, ní Terminal 2. Ẹni tó ń lọ sí Lyon, Lille tàbí Marseille lè wọkọ̀ níbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ tẹ àárín Paris. Ó ti yọ oríkèé kan kúrò nìyẹn.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì TGV ń gòkè bí ọjọ́ bá ń súnmọ́, gẹ́gẹ́ bí ti òfurufú. Ọkọ̀ agbègbè tí wọ́n ń pè ní TER kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè rà á lọ́jọ́ náà. Fún TGV tí ẹ ó wọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí àárín, kí ẹ sì ra irú èyí tí wọ́n lè pààrọ̀. Ilé iṣẹ́ òfurufú àti ti ojú irin kò mọ ara wọn, àyàfi bí ẹ bá ra méjèèjì pọ̀ nínú tíkẹ́ẹ̀tì kan.

Ní ibùdó, nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò ti gbéra sábà máa ń jáde lára pátákó ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ fara balẹ̀ dúró dè é. Lára tíkẹ́ẹ̀tì ni nọ́ńbà wágọ́ọ̀nù àti nọ́ńbà ìjókòó wà. Ọkọ̀ náà gùn, ẹ wá wágọ́ọ̀nù yín láti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gòkè. Ìlẹ̀kùn ń tì ní ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò. Kò sí aláàárù. Ohun tí ẹ kò bá lè gbé sókè fúnra yín, ẹ má dì í. Àpótí ńlá méjì àti báàgì kékeré kan ni TGV gbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ yín sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, Eurostar, yàtọ̀ pátápátá. Abẹ́ òkun ló ń gbà, nínú ihò tí wọ́n ṣí ní ọdún 1994, tó gùn ju kìlómítà 50 lọ. Ní Gare du Nord ni ọlọ́pàá Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti ń yẹ ìwé wò kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú, bí ẹni tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú.

Àwọn kan gbọ́ pé káàdì kan wà tí a fi ń wọ gbogbo ọkọ̀ ojú irin. Òótọ́ ni: Eurail ni ti àwa tí kò gbé Yúróòpù, Interrail ni ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ TGV àti Eurostar ṣì ń béèrè pé kí ẹ fi owó díẹ̀ gba ìjókòó sílẹ̀. Ìlú méjì tàbí mẹ́ta kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra káàdì yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ tètè rà lè dínwó jù ú lọ.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Plateau tó fẹ́ lọ rí ọmọ rẹ̀ ní Lyon fún ọjọ́ méjìlá, kó sì yà kí àbúrò rẹ̀ ní Brussels fún ọjọ́ márùn-ún. Faransé ni yóò ti pẹ́ jù, nítorí náà ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé ni yóò kọ̀wé sí. Ó fi ìwé àtòjọ ìrìnàjò síbẹ̀ pẹ̀lú àyè tó gbà sílẹ̀ láìtíì sanwó tán. Nígbà tí físà jáde, ó san owó àlọ àtàbọ̀ Kútọnu sí Paris.

Ọjọ́ kan ṣáájú ló ti kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó gba Dassa àti Bohicon lọ sùn sí ọ̀dọ̀ ìbátan ní Kútọnu, torí ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 250 kì í ṣe ohun tí a fi ń bá ọkọ̀ òfurufú sáré. Ó balẹ̀ sí Charles de Gaulle láàárọ̀, ó gba ìtẹ̀ka kọjá, ó gba ẹrù, ó rìn lọ sí ibùdó TGV inú pápákọ̀, ó wọ ọkọ̀ Lyon ní ọ̀sán. Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, TGV gbé e láti Lyon dé Brussels láìsọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ń padà, ó gba ọkọ̀ ojú irin láti Brussels tààrà sí Charles de Gaulle ní ọjọ́ tó ṣíwájú ọkọ̀ òfurufú, ó sì sùn sí ìtòsí. Bí ìyanṣẹ́lódì bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú irin, ó ṣì ní alẹ́ kan lọ́wọ́.

Ohun kan ló fẹ́ gbé tí kò gbé: wàgàṣì. Yúróòpù kò gbà kí àlejò kó ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe wọlé láti orílẹ̀-èdè wa. Iṣu pàápàá nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò nílò rẹ̀, nítorí náà òun ló gbé fún ọmọ rẹ̀.

Ìwé tí kò gba owó

Ẹ ka oríkèé ìyá yìí ní àlọ: Ṣábẹ̀ẹ́ sí Kútọnu, Kútọnu sí òfurufú, òfurufú sí ẹnu ààlà, ẹnu ààlà sí ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin sí ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Márùn-ún ni. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ tiyín sórí tákàdá kan, kì í ṣe inú fóònù nìkan, torí fóònù lè kú. Ní ẹ̀gbẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: orúkọ ibẹ̀ gan-an, aago tí ẹ ó dé, aago tí ọkọ̀ tó kàn yóò gbéra, àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ ó pè bí nǹkan bá yí padà.

Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sínú ìwé ìrìnnà yín, kí ẹ sì fi èkejì sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé. Bí aago tí ẹ kọ síbẹ̀ bá lù, tí ẹ ò sì tíì pè, ẹni yẹn yóò mọ oríkèé tí ẹ wà, yóò sì mọ ẹni tó yẹ kí òun pè.